Bàálù Onípákó Tí Ogun Kò Dúró Dè: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ H-4 Hercules

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 1942, ọkọ̀ ẹrù tí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ilẹ̀ Jámánì ń rì sínú òkun Atlantic pọ̀ ju èyí tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì lè kàn láti fi rọ́pò wọn lọ. Ọmọ ogun, táńkì, bẹntiróòlù, oúnjẹ, ojú omi yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà mìíràn, etíkun Amẹ́ríkà gan-an ni wọ́n ti ń rì wọ́n, tí àwọn ará ìlú á dúró lórí iyanrìn tí wọ́n á máa wo ọkọ̀ epo tó ń jó. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí wò dáadáa, ìyẹn H-4 Hercules, bàálù ńlá onípákó tí Howard Hughes ṣe láti máa gbé ẹrù ogun kọjá òkun, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ìpayà ọdún yẹn ló bí i, òun ló sì yẹ kí wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n títí dé òpin.

Henry Kaiser ló mú àbá náà wá. Agbaṣẹ́ṣe ńlá ni, ó wà lára àwọn tó kọ́ dáàmù Hoover, àwọn ilé iṣẹ́ ìkanọkọ̀ rẹ̀ ní California àti Oregon sì ń kan ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n ń pè ní Liberty lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ọdún náà máa fi parí, wọ́n ti kan ọ̀kan nínú wọn, Robert E. Peary, sórí omi kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. Ní oṣù Keje, Kaiser ní kí ìjọba jẹ́ kí òun fi àwọn ilé iṣẹ́ yìí kan 5,000 bàálù ńlá tó lè gbéra lórí omi, irú Martin Mars tí wọ́n ti ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ohun tó rò kò ṣòroó yé: ọ̀tá wà lábẹ́ omi, kí ẹrù gba òfuurufú kọjá lórí rẹ̀.

Inú àwọn ará ìlú dùn sí i, ìwé ìròyìn gbé e gẹ̀gẹ̀. Àwọn ológun àti àwọn tó ń ṣe bàálù ò dùn sí i rárá. Álúmíníọ̀mù, ẹ́ńjìnnì àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí iṣẹ́ yìí máa gbà ni wọ́n fi ń ṣe bàálù ajubọ́ǹbù, kò sì sí èyí tó ṣẹ́kù. Àjọ tó ń pín ohun èlò fún iṣẹ́ ogun, ìyẹn War Production Board, kò fẹ́ lé Kaiser padà lójú gbogbo ayé, kò sì fẹ́ fún un ní ohun tó béèrè. Wọ́n wá bù ú sí àárín.

Kaiser kò mọ nǹkan kan nípa bàálù, ó sì mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó wá Howard Hughes lọ. Àrólé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ ìgbẹ́lẹ̀ fún kànga epo ní Houston ni Hughes, ó ń ṣe sinimá, ó sì jẹ́ ògbóǹtarìgì awakọ̀ bàálù. Ní 1938, ó fi bàálù yí ayé po kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ bàálù rẹ̀ ní Culver City, lẹ́bàá Los Angeles, kéré, kò sì tíì ṣe bàálù kankan lọ́pọ̀ yanturu fún àwọn ológun rí.

Ní oṣù Kọkànlá 1942 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: bàálù mẹ́ta, mílíọ̀nù 18 dọ́là, ọdún méjì. Méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa fò. Ẹ̀kẹta kò ní kúrò nílẹ̀ láéláé. Wọ́n á máa di ẹrù lé e, wọ́n á máa tẹ apá rẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìkẹta yìí sọ́kàn. Kaiser àti Hughes kò gbọ́dọ̀ jèrè kankan nínú rẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ lo álúmíníọ̀mù tàbí irin tí ogun ń wá. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ fa òṣìṣẹ́ tàbí onímọ̀ ẹ̀rọ kankan kúrò ní ilé iṣẹ́ bàálù mìíràn.

Àwọn tó ń ròyìn iṣẹ́ yìí máa ń sáré kọjá lórí àwọn òfin wọ̀nyí kí wọ́n lè tètè dé orí ìwà Hughes. Mo rò pé inú àdéhùn yìí ni ìdádúró náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ní kí wọ́n ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, ó fún wọn ní ọdún méjì, lẹ́yìn náà ó gba ohun èlò tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n lò lọ́wọ́ wọn, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó nírìírí. Ẹni tó bá kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti sọ pé òun kò retí kí iṣẹ́ náà parí lásìkò. Kò kàn fẹnu sọ ọ́ ni.

Àwọn tó fọwọ́ sí i náà tún dá kún ìṣòro ara wọn. Mars tí Kaiser fi ṣe àpẹẹrẹ kì í ṣe kékeré. Hughes àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ fi í sílẹ̀, wọ́n ya bàálù tí ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù máa tó 400,000 pọ́ọ̀nù, èyí tó ju ìlọ́po méjì Mars lọ. Láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì jẹ́ 320 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn mítà 97 ó lé díẹ̀. Boeing 747 àkọ́kọ́, tó dé lẹ́yìn bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, apá tirẹ̀ kò tó 200 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ́ńjìnnì mẹ́jọ ni wọ́n fi sí i, Pratt & Whitney R-4360 onísílíńdà 28, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára 3,000 ẹṣin. Ó máa gbé 750 ọmọ ogun pẹ̀lú gbogbo ẹrù ìjà wọn, tàbí táńkì Sherman. HK-1 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, H fún Hughes, K fún Kaiser.

Pákó ni wọ́n máa fi ṣe e. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe é ní orúkọ, Duramold, ilé iṣẹ́ Fairchild ló sì ti lò ó ṣáájú fún bàálù kéékèèké. Wọ́n á bẹ́ igi birch sí pẹlẹbẹ tín-ín-rín. Wọ́n á to ọ̀kan ní ìró, èkejì ní ìbú, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ra, wọ́n á fún wọn pọ̀, wọ́n á sì fi ooru sí i títí yóò fi le bí irin. Níbi tí ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ kò bá ti lè dé, ìṣó kéékèèké ni wọ́n fi ń di pákó náà mú kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Tó bá gbẹ tán, wọ́n á tún yọ àwọn ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ìwúwo ìṣó kò gbọ́dọ̀ bá bàálù gòkè. Mo máa ń ronú nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró lórí àkàbà nínú ilé ńlá yẹn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yọ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kàn. Iṣẹ́ wọn mọ́ tónítóní. Títí di òní, àwọn tó bá wo ara bàálù náà máa ń rò pé irin ni.

Apá rẹ̀ nípọn débi pé onímọ̀ ẹ̀rọ lè gba inú rẹ̀ rìn dé ìdí ẹ́ńjìnnì nígbà tí bàálù bá ń fò. Ohun tó ń darí rẹ̀, ìyẹn pákó ńlá inú ìrù àti ti etí apá, tóbi ju ohun tí apá ènìyàn lè yí lọ. Wọ́n wá ṣe ètò kan tó ń fi epo inú páìpù ti àwọn pákó wọ̀nyí: bí awakọ̀ bá fi agbára pọ́ọ̀nù kan fa ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, pákó ìrù á gba 1,500 pọ́ọ̀nù. Wọ́n tún mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọ̀pá náà máa ta ko ọwọ́ awakọ̀ díẹ̀, kó má baà fà á ju bó ṣe yẹ lọ láìmọ̀. Nítorí wáyà tí yóò gbé iná mànàmáná dé gbogbo ara ohun tó tóbi tó báyìí máa wúwo jù, iná tí agbára rẹ̀ jẹ́ 120 fólítì (volt) ni wọ́n lò dípò 24 tó wọ́pọ̀, kí wáyà náà lè tín-ín-rín. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni gbogbo èyí. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní àwọn tó ṣe é kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ohun tó dẹ́rù bà mí nínú rẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun èlò tí kò sí ẹni tó ti fi ṣe ohun tó tó ìdámẹ́wàá rẹ̀ rí, ìwọ̀n tí kò sí ẹni tó ti gbé fò rí, ẹ́ńjìnnì tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ètò ìdarí tí wọ́n ń hùmọ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ, àti ilé iṣẹ́ tí kò tíì ṣe ohun ńlá kankan parí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fà sẹ́yìn, ó ń fa àwọn mẹ́rin yòókù lọ́wọ́.

Hughes ló sì ń pinnu ohun gbogbo. Kaiser gbájú mọ́ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó rò pé alábàáṣe òun ń bójú tó èyí. Hughes pẹ̀lú ń ṣe bàálù mìíràn fún àwọn ológun, ó ń ṣe sinimá, ó sì máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láìsí ẹni tó lè rí i. Síbẹ̀, kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ sí nǹkan tí òun kò tíì rí. Iṣẹ́ á dúró dè é, á dé, á ní kí wọ́n tún apá kan ṣe, á tún lọ.

Nígbà tí wọ́n wà lórí èyí, ogun yí padà. Ní oṣù Karùn-ún 1943, Jámánì pàdánù ọkọ̀ abẹ́ omi tó lé ní 40 láàárín oṣù kan ṣoṣo, Ọ̀gágun Dönitz sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù kúrò ní àríwá Atlantic. Bàálù tó ń lọ jìnnà, rédà, àwọn ọkọ̀ ogun tó ń sin ọkọ̀ ẹrù, àti bí wọ́n ṣe tú àṣírí ìwé àwọn Jámánì ló fà á. Ọkọ̀ Liberty náà kún un, nítorí ohun tí wọ́n ń kàn ti pọ̀ ju ohun tó ń rì lọ. Ilé iṣẹ́ Kaiser fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó sọ bàálù Kaiser di ohun tí kò pọn dandan mọ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ẹnì kan dìde nínú iṣẹ́ náà kó béèrè pé: ṣé a ṣì nílò èyí? Kò sí ẹni tí ìbéèrè yẹn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí Washington ni bí pákó ṣe ń lọ sí, owó tó ti lọ, àti ọjọ́ tí wọ́n ti sún síwájú. Iye ọkọ̀ tó ń rì lóṣooṣù kò sí nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kejì 1944, War Production Board fẹ́ fagi lé e. Ọdún kan ó lé ti kọjá, bàálù kan ò tíì sí. Hughes lọ sí Washington, ó bẹ̀, ó jà, Jesse Jones tó ń bójú tó owó yíyá ìjọba sì gbè é lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí ohùn padà. Wọ́n kọ àdéhùn tuntun fún bàálù kan ṣoṣo. Kaiser ti kúrò nínú rẹ̀, K sì kúrò nínú orúkọ: ó di H-4. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é náà yí padà, ó di pé kí wọ́n lè kọ́ ẹ̀kọ́ nípa bàálù ńlá.

Ibí yìí ni mo ka sí orígun iṣẹ́ náà, ju ọjọ́ tó fò lọ, ju ọjọ́ tí wọ́n pe Hughes síwájú àwọn aṣòfin lọ. Kò burú kí ìjọba náwó sórí ẹ̀kọ́. Ohun tó burú ni pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ kò ní ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n sì dín mẹ́ta kù sí ọ̀kan, èyí tí kò ní fò, tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́, ló bá a lọ. Lójú ẹni tó ń ṣọ́ owó, ó dà bí ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n bàálù tó wà nílẹ̀ fún fífọ́ ni orísun ẹ̀kọ́ jù lọ. Ìgbà tó ku ọ̀kan, kò sí ẹni tó máa fẹ́ fi ṣe ìdánwò tó lè bà á jẹ́. Èyí tí wọ́n ní àwọn ń ṣe fún ìdánwò di ohun tó níyelórí ju kí wọ́n dán an wò lọ.

Wọ́n ń bá pákó náà lọ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé álúmíníọ̀mù kò wọ́n mọ́, torí wọ́n ti rìn jìnnà. Jámánì túúbá ní oṣù Karùn-ún 1945, Japan ní oṣù Kẹjọ. Bàálù ogun náà ṣì wà ní wẹ́wẹ́ ní Culver City.

Ní oṣù Kẹfà 1946, wọ́n gbé e lọ sí èbúté Long Beach. Òkun jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ó tó máìlì 28, kò sì sí ọkọ̀ tó wà fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó máa ń gbé odindi ilé láti àdúgbò kan sí òmíràn ni wọ́n háyà. Ara bàálù lọ lọ́tọ̀, apá kọ̀ọ̀kan, tó gùn tó 160 ẹsẹ̀ bàtà, lọ lọ́tọ̀. Wọ́n gé igi etí títì, wọ́n gbé wáyà iná sókè, àwọn ènìyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wọ́n ń wo apá gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ń rọra kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, Hughes já pẹ̀lú bàálù rẹ̀ kejì, XF-11, sórí àwọn ilé ní Beverly Hills. Díẹ̀ ló kù kó kú.

Ní 1947, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ń wádìí owó ogun. Sẹ́nétọ̀ Owen Brewster wà nídìí rẹ̀, Hughes sì fẹ̀sùn kàn án lójú gbogbo ènìyàn pé ó ní òun á pa ìwádìí náà tì bí Hughes bá gbà kí ilé iṣẹ́ bàálù èrò TWA dara pọ̀ mọ́ Pan American. Brewster ní irọ́ ni. Ní oṣù Kẹjọ, Hughes sọ fún ìgbìmọ̀ náà pé bí bàálù ńlá náà bá já sí asán, ó ṣeé ṣe kí òun kúrò ní Amẹ́ríkà, kí òun má sì padà wá mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ kẹta ni bàálù náà ń ṣe: àkọ́kọ́ ni kó gbé ẹrù kọjá òkun, ìkejì ni kó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, ìkẹta ni kó gbe ọ̀rọ̀ ẹni kan lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 1947, wọ́n pe àwọn akọ̀ròyìn wá sí Long Beach. Wọ́n ní orí omi lásán ni bàálù máa ti sáré. Hughes jókòó sídìí ọkọ̀, Dave Grant, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń bójú tó ètò epo inú páìpù, jókòó ti í, kì í sì í ṣe awakọ̀. Wọ́n sáré lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn akọ̀ròyìn mélòó kan bọ́ sílẹ̀ láti lọ fi ìròyìn wọn ránṣẹ́. James McNamara ti ilé iṣẹ́ rédíò kò bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà kẹta, Hughes ní kí wọ́n sọ pákó ẹ̀yìn apá wálẹ̀ sí ìwọ̀n 15. Ariwo omi lábẹ́ bàálù dákẹ́ lójijì. Ó ti gbéra. Ó lọ sókè tó nǹkan bí 70 ẹsẹ̀ bàtà, ó fò bíi máìlì kan ní nǹkan bí 135 máìlì ní wákàtí kan, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 26, Hughes sì rọra gbé e padà sórí omi. Kò tún fò mọ́ láéláé.

Mo gbà pé ìgboyà ńlá ni. Ó dá àwọn tó ń pè é ní pákó tí kò lè fò lóhùn. Ṣùgbọ́n kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó pàtẹ́wọ́, kó wo nọ́ńbà méjì: 70 ẹsẹ̀ bàtà gíga, 320 ẹsẹ̀ bàtà apá. Bàálù tó bá súnmọ́ ilẹ̀ tàbí omi ju gígùn apá rẹ̀ lọ ń gba ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ rẹ̀, bó bá sì ṣe súnmọ́ ọn tó ni ìrànwọ́ náà ń pọ̀ sí i. H-4 kò tíì gòkè tó ìdámẹ́rin apá rẹ̀. Kò gbé ẹrù. Kò yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nítorí náà, ìbéèrè tó bí i, bóyá ó lè gbé táńkì kan kọjá Atlantic, wà bó ṣe wà lọ́jọ́ kìíní. Ohun tí ìṣẹ́jú àáyá 26 yẹn dáhùn ni ìbéèrè àwọn aṣòfin.

Lẹ́yìn náà, Hughes kọ́ ilé tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wà ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, kí pákó má baà gbó, ó sì gba nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni pé ó máa fò lọ́la. Wọ́n dín wọn kù sí 50 ní 1962. Ó ń ná an ní nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún títí tó fi kú ní 1976. Lónìí, McMinnville ní Oregon ni bàálù náà wà, nínú mùsíọ́ọ̀mù. Gígùn apá rẹ̀ ni kò sí bàálù tó fò tó borí títí di 2019, nígbà tí Stratolaunch gbéra.

Fún àwa tó ń bójú tó iṣẹ́ ńlá, tí à ń kọ àdéhùn tàbí tí à ń fọwọ́ sí owó, ohun àkọ́kọ́ tí mo mú nínú rẹ̀ ni pé kí ìṣòro tó bí iṣẹ́ kan máa wà lójú ìwé kan náà pẹ̀lú ìròyìn bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sí àdéhùn 1942 pé tí iye ọkọ̀ tó ń rì bá lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan fún oṣù mẹ́ta léraléra, kí gbogbo wọn pàdé kí wọ́n tún un rò, ìpàdé náà ì bá ti wáyé ní 1943, kí ìbínú àti iyì ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Kó sì jẹ́ ẹni tí kò kan òun bóyá iṣẹ́ náà dúró tàbí kò dúró ni yóò máa ka nọ́ńbà yẹn.

Nípa àwọn ohun tuntun márùn-ún tó so pọ̀, ohun tí mo máa béèrè lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe ni apá kan ṣoṣo, ní ìwọ̀n gidi, kí wọ́n fi pákó ṣe e, kí wọ́n sì ṣẹ́ ẹ lójú mi, kí n tó san owó bàálù. Bí owó bá sì kéré, tó di dandan kí a dín iṣẹ́ kù, èyí tí a ń tọ́jú fún fífọ́ ni kí a dín kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ó ṣòroó ṣàlàyé fún ọ̀gá tó di owó mú. Ẹ mú ìtàn H-4 lọ bá a.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹ wà ní irú oṣù Kejì 1944 yẹn, tí wọ́n fẹ́ fagi lé iṣẹ́ yín, tí ẹ sì fẹ́ kó yè nítorí ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀, ẹ kọ ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ kan sí i. Fún bàálù yìí, ìlà mẹ́ta péré ni: kó gòkè kọjá 320 ẹsẹ̀ bàtà, kó yípo lókè kó sì padà, kó tún un ṣe pẹ̀lú ìwúwo táńkì kan nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò wà nídìí ọkọ̀ sí i, kí ẹni tó ń sanwó àti ẹni tó ń gbà á sì jọ fọwọ́ sí i.